Ìrìn Àjò sí Owódé Onírin: Ẹ̀rọ Ìjórin fún Ẹni Tí Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe ní Ẹ̀yìnkùlé

Mo fẹ́ ròhìn ìrìn àjò tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rìn láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Kì í ṣe ti òkè gíga tàbí ti ààfin ọba ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọjà irin ni.

Ẹni tí ó bá gba títì Ìkòròdú kọjá Kétu àti Mile 12, tí ó sì kọjú sí ìhà Ìkòròdú, etí ni yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ pé òun ti dé Owódé Onírin. Òòlù ni yóò gbọ́, ńlá àti kékeré, tí olúkúlùkù ń lu tirẹ̀ láìbìkítà fún ìlù ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà ni òórùn irin gbígbóná àti epo ẹ́ńjìnnì yóò kàn án ní imú. Nígbẹ̀yìn ni ojú yóò tó rí orí ọkọ̀ akẹ́rù tí a tò bí agbárí erin, àti táyà, àti páìpù, àti ọ̀pá irin gígùn tí àwọn ọlọ́mọlanke ń tì láàrin èrò, àti iná funfun tí ń kọ bí mànàmáná láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀. Odò Ògùn kò jìnnà, nígbà òjò omi a sì máa wọ àwọn àdúgbò tí ó yí i ká. Ẹ ṣọ́ àmì orí ọ̀rọ̀ o: Ògùn ni odò náà, kì í ṣe Ògún tí àwọn baba ńlá wa fi ṣe olórí gbogbo onírin. Ṣùgbọ́n ní ọjà yìí, àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè ṣì wọ́n pè.

Ohun tí ó gbé wa dé ibẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tí ó ti sinmi láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, fi ọkọ̀ Volkswagen kan sílẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry, ni a ti tò ó pọ̀, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ìjàpá ìkẹyìn irú ti àtijọ́ ní gbogbo ayé jáde ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní oṣù keje ọdún 2003. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀kan lónìí, àtúnṣe ni tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, tí í ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, pinnu pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun tún ọkọ̀ bàbá òun ṣe ní ẹ̀yìnkùlé, ní Sátidé Sátidé, kì í ṣe láti pa owó, bí kò ṣe fún ìfẹ́ iṣẹ́ náà, àti kí ìyá rẹ̀ lè tún jókòó nínú rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn.

Ṣùgbọ́n ìpáàrà ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Ẹni tí kò bá mọ Ìjàpá lè má mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, táńkì epo ni ó wà níwájú, abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún sì ni bátìrì wà. Omi kíkan inú bátìrì a máa kán sórí irin ní ọdún dé ọdún. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì, a jókòó nínú ọkọ̀, a sì ń wo koríko ẹ̀yìnkùlé láti ojú ihò. Irin tuntun ni a ní láti jó mọ́ ọn.

Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní òun kò fẹ́ kí iná jó ilé tí ọkọ òun fi òógùn kọ́, nítorí ọkọ̀ tí ọkọ òun rà. Nígbẹ̀yìn, ó gbà pẹ̀lú àdéhùn pé kí n bá ọmọ náà lọ sí ọjà, kí n fi ojú ara mi rí ohun tí ó rà. Owó tí ọmọ náà sì fi ọdún kan àti ààbọ̀ tọ́jú nínú owó oṣù rẹ̀ kò lè ra ẹ̀rọ ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Bí a bá ra èyí tí kò yẹ, ọkọ̀ náà yóò tún wà lórí búlọ́ọ̀kù fún ọdún mìíràn, tàbí kí a gbé e fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Reluwé ni a wọ̀ ní Mọ́níyà ní kùtùkùtù. Ojú irin tuntun yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹfà ọdún 2021, gùn ní kìlómítà 157, ó sì dẹ̀ mọ́ ènìyàn lára ju mọ́tò lọ. Ọ̀nà reluwé àkọ́kọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn ni a ṣí ní 1901. Mo sì sọ fún ọmọ náà pé irin ti ń so ìlú méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a wá èyí tí yóò so tèmi náà pọ̀.” A kọjá Abẹ́òkúta, oòrùn ń yọ lórí àpáta, a sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta.

A kọ́kọ́ ya sí Mùṣín, nítorí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó wà ní Ládípọ̀. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ tó ìwé ọ̀tọ̀. Rọ́bà ilẹ̀kùn ni a rà. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni a wọ ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ sì gbé ẹ̀rọ pupa kékeré kan jáde, tí kò wúwo ju àpótí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní ínfátà, èyí tí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ínfátà tí a ń fi bátìrì tan iná nínú ilé. Wọ́n kọ 300 gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Bàbá, òun ni ó lágbára jùlọ. Ẹ lè fi jó irin afárá.”

Mo fi gíláàsì sójú, mo yọ gègé. Ẹni tí ó ti jókòó ti ìwé ìṣirò owó fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í gba àròpọ̀ ẹlòmíràn gbọ́ láìtún un rò. Iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ fóólítì 230. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tí a ń ki púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bọ̀ kò gbọ́dọ̀ fún wa ju áńpíà 13 lọ. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, wáàtì 2,990 ni, kí a pè é ní 3,000. Wàyí o, ìlànà tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ọlọ́pàá ìjórin fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni pé kí a mú fóólítì 20, kí a sì fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye áńpíà kún un. Fún áńpíà 300, èyí jẹ́ fóólítì 32. 32 lọ́nà 300 sì jẹ́ wáàtì 9,600, láìtíì ka ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó pọn omi garawa kan, níbo ni yóò ti rí garawa mẹ́ta dà jáde? Mo wo wáyà tí ó so mọ́ ẹ̀rọ náà: kò nípọn ju ti àyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ lọ. Mo bi í léèrè àwo ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde.

Àwo ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tí a ṣe pẹ̀lú òtítọ́, ẹ ó rí lẹ́tà X, pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ni ó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ lè fi jó irin nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó sinmi. Bí ó bá jẹ́ 60% ní áńpíà 100, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni iṣẹ́, mẹ́rin ni ìsinmi. Ìwọ̀n ooru ogójì ni ìlànà àgbáyé ní kí a fi dán an wò, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa dán tiwọn wò nínú òtútù, wọn a sì kọ ohun tí ó wù wọ́n. Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òtútù. Ẹ ó tún rí I1, èyí tí í ṣe iye áńpíà tí ẹ̀rọ yóò fà láti ara ògiri yín. Èyí ni kí ẹ fi wé sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà ilé yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Bọ́ọ̀sì BRT ni ó gbé wa lọ sí Owódé. Láti 2015 ni ó ti ń gba ọ̀nà yẹn dé Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni a ti rí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ńlá kan, ó lẹ́wà, owó rẹ̀ sì rọjú ju bí mo ti rò lọ. Ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a nu erùpẹ̀ kúrò lára àwo rẹ̀, 3 àti 400 ni a rí níbẹ̀: ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá ni, tí ń fẹ́ ìlà iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí ilé ẹ̀gbọ́n mi kò ní ju ìlà kan lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí owó rẹ̀ fi rọjú. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí i bí wọ́n bá ní àwọn yóò fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sílé: iná ilé wọn níbẹ̀ jẹ́ fóólítì 120, bí a bá sì ki ẹ̀rọ tí a ṣe fún 120 nìkan bọ iná tiwa, èéfín ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Nínú ìsọ̀ kan tí a fi páànù ṣe òrùlé rẹ̀, a bá bàbá àgbàlagbà kan tí ń lu ara ọkọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sọ ohun tí a bá wá. Ó bi ọmọ náà pé ẹ̀rọ wo ni ó ń wá, ọmọ náà sì dáhùn pé èyí tí ó bá lágbára jùlọ tí owó òun bá ká. Bàbá náà fi òòlù sílẹ̀.

“Ọmọ mi, ta ni ó ní kí o máa béèrè ibi tí agbára rẹ̀ pọ̀ dé? Béèrè ibi tí ó lè rọlẹ̀ dé tí kò fi ní kú.”

Ó mú irin méjì, ọ̀kan láti ara ọkọ̀ akẹ́rù, tí ó nípọn bí ìka ọmọdé, èkejì láti ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ kékeré. Ó tan ẹ̀rọ tíráńsífọ́mà ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ wé wáyà rẹ̀ níbí ní ilẹ̀ wa, ó fi ọ̀pá géèjì 10 sí i, èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 3.2. Irin ọkọ̀ akẹ́rù gbà á, ó dì mọ́ ara wọn dáadáa. Nígbà tí ó fi kan irin ilẹ̀kùn, kí n tó ṣẹ́jú, ihò ti ṣí. Ọ̀pá 3.2 yẹn ń fẹ́ áńpíà 90 sí 130. Géèjì 12 tí í ṣe 2.5 náà ń fẹ́ 60 sí 90. Ara Ìjàpá kò sì nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 0.8 sí 0.9 lọ, áńpíà 30 sí 50 ni ó tó o. Ohun tí ó dára fún géètì ilé ni yóò fi iná jẹ ọkọ̀ yín run.

Ó tún mú irin ilẹ̀kùn mìíràn, ó fi iná gáàsì jó o, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lu ara ọkọ̀ ń lò. Ó dì, ṣùgbọ́n irin náà ká bí ewé tí oòrùn pa, nítorí pé ooru gáàsì a máa tàn ká. Bàbá náà mọ bí a ti ń fi òòlù lù ú padà. Ogójì ọdún ni ó fi kọ́ ọ. Ó sì tọ́ka sí àgbá tí wọ́n ń da omi lé kábáìdì nínú rẹ̀ láti mú gáàsì jáde, ó ní, “Èyí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà ibi tí obìnrin ń dáná.” Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún ìyá ọmọ náà ní pàtó.

Ẹ̀rọ tí ó ní kí a rà ni èyí tí wọ́n ń pè ní MIG. Nínú rẹ̀, wáyà tín-ín-rín tí a ká bí òwú ni ń jáde fúnra rẹ̀ bí a bá ti tẹ ìbọn ọwọ́ rẹ̀, gáàsì sì ń bò ó kí afẹ́fẹ́ má ba irin gbígbóná jẹ́. Fún ara ọkọ̀, wáyà 0.6 ni ó dára jù, 0.8 sì ṣe é lò. Ní áńpíà 60, fóólítì ẹnu rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 17. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kò ju wáàtì 1,020 lọ. Èyí ni ohun tí ó yà mí lẹ́nu jùlọ nínú gbogbo ìrìn náà: iṣẹ́ tí ọmọ yìí fẹ́ ṣe kò fẹ́ ìdá mẹ́ta agbára tí ó ti ń wá kiri. Ohun tí ó ń fẹ́ ni ẹ̀rọ tí yóò lè dúró ṣinṣin ní áńpíà 30 láìkọsẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ nọ́ḿbà ńlá síwájú kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kan náà a tún máa lo wáyà mìíràn tí ó ní lẹ́búlẹ́bú nínú, tí kò fẹ́ gáàsì. Ó dára fún ìta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ gáàsì lọ, ṣùgbọ́n ó ń rú èéfín, ó ń ta pàrà, ó sì máa ń gbóná jù fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí a bá fẹ́ lò ó, a ní láti pààrọ̀ ojú wáyà méjì inú ẹ̀rọ, kí ìbọn wà lójú òdì. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ yóò máa bú ẹ̀rọ láìnídìí. Ti TIG, bàbá náà ní ó dára púpọ̀, ó mọ́ bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọwọ́ méjèèjì àti sùúrù, ó sì fẹ́ gáàsì áágọ́ọ̀nù tí ó wọ́n. Kí ọmọ náà fi í sílẹ̀ ná.

Kí a tó kúrò, bàbá náà fi ìkìlọ̀ kan lé e. Ilẹ̀ ọkọ̀ àti mọ́gáàdì ni kí ọmọ náà fi kọ́ṣẹ́. Ibi tí a de àga àti bẹ́líìtì mọ́, àti ibi tí ẹsẹ̀ táyà so mọ́, kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gún. Ó ní irin tí a jó lè dán lójú kí ó má sì di ohunkóhun mú lábẹ́. Bí ìyá rẹ bá wà nínú ọkọ̀, ibi yẹn kọ́ ni o fẹ́ ti mọ̀.

A kò ra ẹ̀rọ ní ọjọ́ náà. Mo mú un padà sí Ìbàdàn, nítorí ìbéèrè méjì kù tí Èkó kò lè dáhùn. Èkíní ni ibi tí a ó ti máa gba gáàsì. Gáàsì CO2, èyí tí wọ́n ń fi sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣe é lò fún irin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú áágọ́ọ̀nù ń mú iṣẹ́ tuntun dán jù. A wá ẹni tí yóò máa gbà á padà tí yóò sì fún wa ní èyí tí ó kún, a rí i, kí a tó ra ẹ̀rọ tí yóò máa mu ún. Ìbéèrè kejì ni iná ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń wọn ọ́n. Ní òwúrọ̀ Sátidé, fóólítì 220. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti tan fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n, 185. Àwo ẹ̀rọ púpọ̀ kò fara mọ́ ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ sísàlẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí 195. Nítorí náà òwúrọ̀ ni iṣẹ́, tàbí jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń tan gílóòbù àti fáànù kò lè gbé e. Èyí tí ó jẹ́ KVA 3.5 gbé e fún áńpíà kékeré tí a ń lò. Wáyà fífà gígùn tí ó tín-ín-rín náà a máa jẹ fóólítì mọ́ra. Ẹ ra èyí tí ó nípọn, ẹ má sì lò ó nígbà tí ó bá wà ní kíká.

Ẹ̀rọ tí a rà nígbẹ̀yìn, 160 ni wọ́n kọ sí i, àwo rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń rọlẹ̀ dé 30. Owó tí ó ṣẹ́kù lórí èyí tí à bá fi ra ẹ̀rọ ńlá ni a fi ra ìbojú tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 10, ìbọ̀wọ́ awọ, àti ìgò tí ń pa iná. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín fi gíláàsì oòrùn jó irin bí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ní ọjà. Kì í dun ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Òru ni yóò jí, tí ojú rẹ̀ yóò dàbí ẹni pé iyanrìn kún un.

Kí iná kankan tó ṣẹ́, a yọ bátìrì, a tú táńkì epo kúrò níwájú Ìjàpá, a gbé e jìnnà sí ilé, a kó kápẹ́ẹ̀tì àti àga jáde, a sì fá ọ̀dà dúdú abẹ́ ọkọ̀ kúrò nítorí pé ó ń jó bí ògùṣọ̀. Ẹnìkan ní kí a fi páànù òrùlé àlòkù dí ihò náà. A kọ̀ ọ́. Síńkì tí wọ́n fi bo páànù a máa di èéfín nígbà tí iná bá kàn án, ẹni tí ó bá sì fà á símú lè gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá. Irin pẹlẹbẹ tí a kò fi nǹkan bò ni a rà.

Ọmọ náà kọ́kọ́ fi Sátidé mẹ́ta jó àlòkù irin. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ̀, ẹ̀kán kan níhìn-ín, ẹ̀kán kan ní ìbú ọwọ́ kan sí i, kí ó dúró kí ó tutù, kí ó tó padà sí àárín, kí irin má bàa ká. Ìyá rẹ̀ gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú garawa iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí iná náà, ó sì ń ṣa ẹ̀wà. Ní Sátidé tí ó kọjá, nígbà tí apá ọ̀tún ti parí tí ọ̀dà rẹ̀ sì ti gbẹ, ó bọ́ bàtà, ó wọ inú ọkọ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga ẹ̀yìn padà sí ipò rẹ̀. Apá òsì ni ó kù, sìlíńdà sì ti tán. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò gbé e lọ pààrọ̀.